Ajá Tí Mo Sọ Ní Ìwọ Ńkọ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti gba àga tán kí n tó dé. Ẹ kú ìdúró, ẹ̀yin tí àga kò kàn. Ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ ní ẹ kò ráyè ìtàn, ṣùgbọ́n tí ẹ kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí mo ti jókòó, ẹ kú àfarapamọ́. Èmi ni Ọdẹ́rìnlọ, ọmọ bíbí ìlú Àgbọ̀nlá ní ẹ̀bá odò Ọ̀yán, ìlú tí ọdẹ pọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀ tí ẹran igbó fi kó lọ sí ìlú mìíràn, tí ó wá ku àwa ọdẹ ku ẹnu wa. Ẹnu náà ni mo fẹ́ lò fún yín lónìí. Mo mọ̀ pé ẹ ó gbà mí gbọ́, nítorí ẹ̀yin kan náà ni ẹ gba aláṣọ gbọ́ nígbà tó búra fún yín pé aṣọ òun kò ní í ṣí láéláé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ajá mi hàn yín, nítorí òun ló ni ìtàn yìí, èmi kàn ń bá a sọ ọ́ ni. Ajá pupa ni, etí rẹ̀ kan nà, èkejì sùn sílẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ayé ti sú. Ní ọdún tí ẹfọ̀n kàn mí mọ́lẹ̀, tí ó fi ìwo tẹ̀ mí mọ́ ẹrẹ̀, tí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi, àwọn akọni ọkùnrin, ti gun igi tán, tí wọ́n ń ti orí igi bá mi kẹ́dùn, ajá yìí ni ó fò mọ́ ẹfọ̀n náà ní imú, kò sì jù ú sílẹ̀ títí mo fi wọ́ jáde. Mo ní ará, mo ní ọ̀rẹ́, mo ní aya, n kò sì rí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ fún mi rí.

Ẹ ó wá máa rò pé mo sọ ọ́ lórúkọ rere. Rárá o! Ẹ ò mọ̀ wá ni? Mo ní aládùúgbò kan, Bàbá Òjéwùmí, tí ó jù mí lọ dáadáa, ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Òun ló ń sọ kiri pé Ọdẹ́rìnlọ kì í pa ẹran, pé èyí tó bá ti kú fúnra rẹ̀ ni mo ń ṣà bọ̀ wálé. Ṣé kí n wá dá àgbà lóhùn ni? Ilé ire ni wọ́n bí mi sí. Mo kàn sọ ajá mi ní Ìwọ Ńkọ́ ni, bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, màá dúró sí ẹ̀bá ògiri, màá kígbe, "Ìwọ ńkọ́! Ìwọ ńkọ́!" Ajá á sáré wá, ọ̀rọ̀ náà á sì dé ibi tí mo rán an. Bàbá Òjéwùmí náà lọ ra ajá, ó sọ ọ́ ní Mo Dákẹ́. Bí a ṣe ń gbé pọ̀ ní àlàáfíà nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, èmi àti Ìwọ Ńkọ́ wọ igbó, a rìn títí a fi kọjá ibi tí mo mọ̀, a kọjá ibi tí mo máa ń purọ́ pé mo mọ̀, a wá dé abẹ́ igi odán kan tí ó tóbi bí agbo ilé. Àgbọ̀nrín kan dúró sínú ihò ara igi náà, ó ń wò mí bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ẹni tó pẹ́ dé. Mo na ìbọn sí i. Ó ní, "Ọdẹ́rìnlọ, ẹ kú iṣẹ́ o." Mo ní, "A dúpẹ́." Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ? Ó kí mi, mo dáhùn, ìbọn sì wúwo lọ́wọ́ mi, nítorí kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí a ṣe ń yìnbọn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn tán. Ó yí padà, ó gba inú ihò igi náà wọlé, ajá mi gbá tẹ̀ lé e, èmi náà sì tẹ̀ lé ajá mi. Mo rò pé òdìkejì igi la ó yọ sí, àṣé òdìkejì ayé ni. Nígbà tí a jáde, igbó wa ti lọ, odi ìlú olókùúta ló wà níwájú mi, erin sì dúró lẹ́nubodè.

Erin náà ni oníbodè. Ó na ọwọ́jà rẹ̀, ó fi gbọ́ òórùn àpò mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, àlejò. Iṣẹ́ kí ni ẹ ń ṣe?"

Mo ní, "Mo kàn máa ń rìn nínú igbó ni."

"Ẹ kú ìrìn. Ìrù ta ló wà nínú àpò yín yẹn?"

Ojú tì mí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo ní, "Ìrù yìí? Mo fi ń lé eṣinṣin ni."

Erin ní, "Ohun tí ẹni tó ni ín náà ń fi í ṣe nìyẹn."

Ó gba ìrù náà lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ òdòdó. Ó gba ìbọn mi, ó gbé e kọ́ sí ẹ̀ka igi níbi tí ọwọ́ mi kò lè tó o, ó sì sọ fún mi pé ìlú Pàdúmàpúrà ni mo dé, pé gbogbo ẹranko tó bá ti wọ ẹnubodè náà ló ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, tí ó bá ti ní ohun tó fẹ́ sọ. Mo wo Ìwọ Ńkọ́. Ìwọ Ńkọ́ wò mí. Kò sọ nǹkan kan. Mo ní bóyá ọ̀nà ló rẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìlú náà ṣe rí fún yín, nítorí mo mọ̀ pé ẹ ó lọ sọ ọ́ níbòmíràn bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ dé ibẹ̀. Adágún ńlá tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ wà níbi gbogbo, òṣíbàtà sì tẹ́ lórí omi rẹ̀, àwọn ará ìlú náà kò sì níṣẹ́ méjì ju pé kí wọ́n máa wẹ̀. Wọ́n á wẹ̀ kí wọ́n tó jẹun, wọ́n á wẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun, bí wọ́n bá sì rí ẹlòmíràn tó ń wẹ̀, wọ́n á bọ́ sómi kí ó má bàa dá wẹ̀. Àwọn obìnrin wọn ló ń ṣòwò. Wọ́n á tẹ́ ẹní sílẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, wọ́n á pàtẹ iyọ̀ àti ẹja àti aṣọ olódòdó, àwọn ọkọ wọn á sì wà nílé, wọ́n ń sinmi iṣẹ́ tí wọn kò ṣe. Ibẹ̀ yẹn nìkan ni mo ti rántí Àgbọ̀nlá.

Ọ̀rọ̀ agboòrùn wọn ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Olówó ibẹ̀ kì í sọ pé òun lówó, agboòrùn ni yóò bá a sọ ọ́. Tálákà, orí lásán. Ẹni tó bá gòkè díẹ̀, ìránṣẹ́ kan á gbé agboòrùn pupa lé e lórí. Ẹni tó bá gòkè sí i, igi agboòrùn rẹ̀ á di fàdákà, á di wúrà, á di púpọ̀, débi pé mo rí olóyè kan níbẹ̀ tí oòrùn kò tíì mọ̀ pé wọ́n bí i.

Ilé òrìṣà wọn jẹ́ òkúta tí wọ́n gbẹ́ títí tí òkúta fi ń jó. Òrìṣà kan jókòó níbẹ̀ tí orí rẹ̀ jẹ́ orí erin, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún un kíákíá kó tó rántí ọ̀rọ̀ ìrù. Òmíràn káwọ́ lé itan, ó ń wolẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó gbọ́ irọ́ mi tí kò sì fẹ́ dójú tì mí. Onírúurú ni wọ́n, àwọn tó ń sin ti ibí kò sin ti ọ̀hún, síbẹ̀ ọgbà kan náà ni gbogbo wọn jọ wà, kò sí ògiri láàárín wọn, kò sì sí èyí tó sọ ajá lórúkọ sí èkejì. Àwọn àgbà kan tún wà tí wọ́n fárí kodoro, tí wọ́n wọ aṣọ aláwọ̀ ìyeyè, tí èjìká wọn kan wà níta. Àwo ni wọ́n ń gbé kiri láàárọ̀, àwọn obìnrin a bu oúnjẹ sí i, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń dúpẹ́, ẹni tó fúnni lóúnjẹ gan-an ló ń pàtẹ́wọ́ pọ̀ tí ó ń tẹríba pé wọ́n bá òun gbà á. Mo ní tí mo bá dé ilé, màá gbìyànjú rẹ̀ wò lọ́dọ̀ àna mi.

Ibi tí mo ti ń la ẹnu sílẹ̀ wo ìlú ni ajá mi ti kó bá mi.

Olóyè alágboòrùn yẹn, Jáyásénà lorúkọ rẹ̀, wà létí adágún ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń ṣe ìrántí ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ó se ìrẹsì pẹ̀lú wàrà àti oyin, ó gbé e sórí ewé òṣíbàtà, ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún. Ẹ mọ ajá. Ìwọ Ńkọ́ kò bèèrè pé ta ló kú. Ó jẹ ìrẹsì náà tán, ó lá ewé, nígbà tí ewé sì tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá àtẹ́lẹsẹ̀ olóyè tí wọ́n fi làálì kùn pupa. Jáyásénà lọgun. "Ìyá mi ti dé! Bí ìyá mi ṣe máa ń fọ ẹsẹ̀ fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré nìyí!" Kí n tó dé ibẹ̀, wọ́n ti fi ṣẹ́dà wé ajá mi lọ́rùn, agboòrùn ti bo orí rẹ̀, wọ́n sì gbé e sínú àga tí èjìká ènìyàn ń gbé.

Mo kígbe. Kámálà, obìnrin tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ olóyè náà, fà mí sẹ́yìn, ó sọ fún mi pé àwọn gbàgbọ́ pé ẹni tó kú ń padà wá, pé ó lè padà wá bí ènìyàn, ó sì lè padà wá bí ẹranko, bí ìwà rẹ̀ bá ṣe rí. Mo ní àwa náà gbà pé ìyá ń padà wá! Yétúndé mélòó ni kò sí ní Àgbọ̀nlá? Ìyábọ̀ mélòó? Ṣùgbọ́n inú ọmọ ni tiwa ń gbà wá, a kò tíì rí Yétúndé onírù. Kámálà ní, "Bóyá ẹ ò wò dáadáa ni."

Wọ́n mú mi dé iwájú Jáyásénà. Ó bi mí, ó fara balẹ̀ bi mí o, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn, ó ní, "Kí lo máa ń pe ìyá mi?"

Mo ní, "Ìwọ Ńkọ́."

Ó ní, "Èmi?"

Mo ní, "Rárá, ajá ni. Ìwọ Ńkọ́."

Ó rò pé mo ń bi òun lórúkọ ni, ó sì na ọrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka oyè rẹ̀ sí mi létí, èyí tí baba rẹ̀ fún un àti èyí tí ọba fi dá a lọ́lá, ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí agboòrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo fún àwọn tó gbé e. Nígbà tó parí, ó ní, "Ó yá, ìyá mi ńkọ́, kí ni orúkọ rẹ̀?"

Mo ní, "Ìwọ Ńkọ́."

Ariwo ta. "Ó pe Olóyè ní ìwọ!" Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Mo wá ní kí n fi ọ̀wọ̀ sí i. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "Ẹ má bínú, Olóyè. Ẹ̀yin Ńkọ́ ni orúkọ rẹ̀." Ìyẹn ló wá dá kún un. Jáyásénà ní ìkà ènìyàn ni mí, pé mo so okùn mọ́ ìyá òun lọ́rùn, mo ń fà á kiri inú igbó, mo wá tún ń fi òun ṣẹlẹ́yà níbi ìrántí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n lé mi jáde ní ìlú, kí wọ́n sì ti ẹnubodè, kí n má ṣe fojú kan ajá náà mọ́ láéláé.

Mo sunkún, ẹ má jẹ́ kí n fi yín ṣeré. Ẹni tó fa ẹfọ̀n kúrò lórí mi, èmi kò lè fa agboòrùn kúrò lórí rẹ̀. Mo ro ọ̀nà ilé tí n ó dá rìn. Kámálà ṣàánú mi, ó ní ẹnì kan ṣoṣo ni Jáyásénà kì í jiyàn pẹ̀lú, Dámíkà, àgbà jù lọ nínú àwọn afárí. Ó mú mi lọ bá a lábẹ́ òrìṣà tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ yẹn. Àgbà náà gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó wẹ̀ (dandan ni kó wẹ̀!), ó sì ránṣẹ́ pe olóyè pé kó gbé ajá wá.

Wọ́n gbé e dé. Ẹ̀yin ènìyàn, ajá mi ti di ìyá àgbà! Wọ́n fi òdòdó ṣe ẹ̀gbà fún un lọ́rùn, wọ́n kun èékánná rẹ̀ ní làálì, ikùn rẹ̀ ti yọ síta nítorí ìrẹsì. Gbogbo ìlú pé jọ síwájú ilé òrìṣà. Dámíkà ní, "Ẹ pè é. Ẹni tó bá dá lóhùn ni kó mú un lọ."

Jáyásénà pè é. "Ìyá mi ọ̀wọ́n! Ìyá mi oníwúrà! Ẹ máa bọ̀!" Ajá kò mira. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Èmi náà na ọrùn, mo pè é bí mo ṣe máa ń pè é nílé, pẹ̀lú gbogbo agbára mi: "Ìwọ ńkọ́! Ìwọ ńkọ́!" Ajá kò mira. Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín, ojú mi sì walẹ̀.

Ìgbà náà ni ajá mi sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá.

Ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, gbogbo ilé. Olóyè, ìrẹsì yín dùn, mo dúpẹ́. Ọ̀gá mi, ẹ kú làálàá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì, ta lẹ ń pè? Nígbà tí Olóyè bá ní 'Ìyá mi', ìyá wọn ni wọ́n ń wò, wọn kì í wò mí. Nígbà tí ọ̀gá mi bá ní 'Ìwọ Ńkọ́', ojú wọn kì í kúrò lára ògiri Bàbá Òjéwùmí. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ mí lórúkọ, kò tíì sí ẹni tó pè mí rí."

Ẹ wò ó, ajá tí mo bọ́ ló mọ ọ̀wọ̀ jù mí lọ, ó ń pè mí ní ẹ̀yin níwájú ìlú.

Dámíkà ní, "Ó ti sọ tirẹ̀. Ẹ pe òun fúnra rẹ̀."

Jáyásénà tún la ẹnu, ó ní "Ìyá...", ó gé e síbẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹlòmíràn tí mo fẹ́ pè." Ó kúrò lábẹ́ agboòrùn rẹ̀, oòrùn pa á lórí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọ aláìníyàá, èyí tí ó jẹ́ gan-an. Mo ti fi ọkùnrin yìí ṣẹ̀sín láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n n kò rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ó ṣe mí láàánú.

Ó wá kàn mí. Ẹ̀rù bà mí ju ọjọ́ ẹfọ̀n lọ. N kò mọ orúkọ tí mo lè pè é, nítorí n kò fún un ní ọ̀kan rí. Mo jókòó sílẹ̀ kí ojú èmi àti òun lè ṣe déédéé, mo wo ojú rẹ̀, etí tó nà àti etí tó sùn. Mo ní, "Ìwọ." Ẹnu mi fẹ́ fi ńkọ́ sí i, nítorí ó ti mọ́ ọn lára. Mo gbé ńkọ́ náà mì. Mo ní, "Ìwọ. Ìwọ tí o di imú ẹfọ̀n mú. Ìwọ náà ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Jọ̀ọ́, jẹ́ ká lọ sílé."

Ó dìde. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó ń wọ́ ṣẹ́dà nílẹ̀ tuuru, ó wá gbé imú rẹ̀ lé orókún mi. Mo dì mọ́ ọn, omi ojú mi sì ba ẹ̀gbà olódòdó náà jẹ́.

Jáyásénà kò jà mọ́. Ó kàn rọra bi ajá náà pé, "Ìyá mi kò ní í wá, àbí?" Ajá ní, "N kò mọ̀, Olóyè. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wá, ìrẹsì yẹn á dùn mọ́ wọn." Olóyè náà rẹ́rìn-ín díẹ̀ nínú ẹkún, ó sì di ìrẹsì fún wa lọ́nà.

Erin gbé ìbọn mi fún mi, kò dá ìrù padà, n kò sì bèèrè. Nígbà tí a dé ẹnu ihò igi odán, mo rántí ohun tó yẹ kí n ti bèèrè tipẹ́. Mo ní, "Kí ni o fẹ́ kí n máa pè ọ́ gan-an?" Ó la ẹnu, mo ti ń fetí sílẹ̀, àṣé ẹsẹ̀ wa ti kọjá sí ìhà ilé. Gbígbó ló gbó.

Nítorí náà, Ìwọ lásán ni mò ń pè é láti ọjọ́ náà. Ní àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ nílé, "Ìwọ! Máa bọ̀!", Bàbá Òjéwùmí yọ orí lókè ògiri fìrì. "Ta lò ń pè ní ìwọ? Èmi tí mo jù ọ́ lọ?" Mo ní ajá ni mò ń pè, Bàbá. Ó ní irọ́ ni. Mo ní Bàbá, n kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ yín, ajá ni mò ń wò. Ó sì rí i pé òótọ́ ni, ìyẹn ló sì dùn ún jù nínú gbogbo èébú tí mo ti bú u rí. Títí di òní, ó máa ń wá sí ẹ̀bá ògiri láàárọ̀, ó ń retí kí n bú òun. Mo Dákẹ́ ló kù tó ń bá a dákẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ kò ju èyí lọ: bí ẹ bá ń pe ẹnì kan, ẹ wo ojú rẹ̀. Mo rí i pé àwọn kan ti ń fi Jáyásénà rẹ́rìn-ín, ọkùnrin tó ń pe ajá ní ìyá. Ó dára. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn kan nínú agbo yìí tí wọ́n fi orúkọ ọmọ tí wọ́n bí bú orogún wọn, ọmọ náà ti dàgbà, ó ti láya, ó ṣì ń jẹ́ ìjà tí kò bá wọn jà. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Ẹ̀yin náà ńkọ́?

Ó dìgbà kan ná. Kí ẹ bá ilé ní àlàáfíà, ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ẹ̀yin tí ẹ dúró, ẹ̀yin tí ẹ fara pamọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Èmi náà ń lọ. Ẹnì kan ń dúró dè mí lábẹ́ igi lọ́hùn-ún, mo sì fẹ́ lọ pè é.